Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olówó pọ́ọ́kú fún ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀: ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ló gbówó lórí ju àwo lọ

Ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ níbi tí wọ́n ti ń jẹun, bóyá ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ kì í fi í fẹ́ sọ ọ́ rárá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ọba ń lọ, ìránṣẹ́ ń lọ, ọlọ́pàá ń lọ, olè náà ń lọ. Ibi tí kálukú ń lọ ni ó yàtọ̀. Ní Òṣòdì, láti abẹ́ afárá títí dé ẹ̀gbẹ́ ojú irin, àti ní ẹ̀yìn àwọn ilé tó sún mọ́ kánáálì ní agbègbè Ìsọlọ̀, ẹni tó bá tètè jí yóò rí i pé gbangba ni àwọn kan ń lọ. Àwọn mìíràn yóò ṣe tiwọn sínú ọ̀rá dúdú, wọn yóò so ó lẹ́nu, wọn yóò sì fi gbogbo agbára jù ú sínú kánáálì tàbí sórí òrùlé onílé. Àwọn ọmọ Èkó ti sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́, "ṣọ́ọ̀tì-púùtì" ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí àwọn eléré ìdárayá ṣe ń ju irin náà ni àwọn ń ju tiwọn.

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ àti àjọ UNICEF jọ ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní WASHNORM, fi hàn pé ní ọdún 2021, nǹkan bíi mílíọ̀nù 48 ọmọ Nàìjíríà ló ń yàgbẹ́ sí gbangba. Lóòótọ́, ìgbèríko ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé, wọn kì í ṣe ará Èkó. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ẹnì kan ṣoṣo láàárín ibi tí ilé ti fún mọ́ra bíi Mafolúkù lè ṣe jàǹbá ju ti ẹni mẹ́wàá lọ nínú igbó, nítorí pé eṣinṣin kò ní rìn jìnnà kí ó tó bà lé ìkòkò ọbẹ̀, ẹ̀kún omi òjò kan ṣoṣo sì tó láti gbé e wọ inú kànga. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde ní oṣù kẹfà, ọdún 2024 pé kọ́lẹ́rà, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní onígbáméjì, ti bẹ́ sílẹ̀, ọ̀nà tí ó gbà rìn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ìgbẹ́ ẹni tí àrùn náà ń ṣe ni ó ń dé inú omi tàbí oúnjẹ ẹlòmíràn.

Láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ti ń ṣe àwo, páìpù àti pẹpẹ oríṣiríṣi tí mẹ̀kúnnù lè rà. Díẹ̀ nínú wọn dára gan-an ni, a ó sì ṣàlàyé wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ṣe rí, ẹni tó bá rò pé àwo tí kò wọ́n ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà kò ì wo abẹ́ ilẹ̀. Ohun tó ń gbówó ni ihò, kíkó ohun tó wà nínú ihò, àti ilẹ̀ tí ihò náà yóò wà.

Láyé àtijọ́, ààtàn ni àwọn baba wa ń lọ. Ẹlẹ́dẹ̀, òjò àti oòrùn ló ń ṣe ìyókù iṣẹ́. Ètò náà kò burú púpọ̀ níbi tí ẹ̀yìnkùlé ti gbòòrò tí ènìyàn kò sì pọ̀. Nígbà tí Èkó di ìlú ńlá lábẹ́ àwọn Òyìnbó amúnisìn, agbépóò gba iṣẹ́ náà. Garawa wà lábẹ́ pákó tí wọ́n dá ihò sí láàárín, agbépóò á wá lóru, á fi aṣọ bo ojú, á gbé garawa tó kún rù, á sì lọ dà á nù sínú ọ̀sà. Ọmọ tí kò bá gbọ́n tó bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà mọ ohun tí yóò bá ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni ṣáláńgá pọ̀, kí àwo onípáìpù àti sókàwéè tó wá gba ipò iwájú.

Títí di òní, Èkó kò ní páìpù ìdọ̀tí tó la gbogbo ìgboro kọjá bíi ti àwọn ìlú ńlá òkè òkun. Yàtọ̀ sí àwọn ibùgbé díẹ̀ bíi Festac tí wọ́n ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ fún, sókàwéè tàbí ṣáláńgá ni ilé kọ̀ọ̀kan gbójú lé. Nígbà tó bá kún, ọkọ̀ afagbẹ́ ni wọ́n ń pè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀sà ní Ìddó ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń tú ẹrù wọn sí. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, agbépóò kò ì kúrò láàárín wa, ọkọ̀ ló wọ̀.

Ní ti Òṣòdì, ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé èrò tó ń kọjá níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Agége Motor Road àti ọ̀nà márosẹ̀ Apápá sí Òṣòdì ti pàdé, ojú irin sì gba ibẹ̀ kọjá. Awakọ̀ dáńfó, kọndọ́, aláàárù, àwọn ìyá tó pàtẹ ọjà láti ìdájí títí di alẹ́, ibo ni kí wọ́n lọ? Ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2009, nígbà ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, wọ́n wó àwọn ìsọ̀ tó gba ojú ọ̀nà kan, Òṣòdì sì fẹ̀. Ní oṣù kẹrin, ọdún 2019, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ alájà púpọ̀ tí ìjọba Akínwùmí Ambode kọ́ síbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá lójú títì kì í sábà fi ọjà sílẹ̀ kí ó lọ gun àtẹ̀gùn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó jìnnà sí ẹni tí inú ń run, àfi bíi pé kò sí.

Ọkùnrin kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí yé dáadáa. Olóògbé Isaac Dúrójayé ni, ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Ọ̀túnba Gaddafi. Ọkùnrin gíga ni, iṣẹ́ ààbò ni ó ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó ń ṣọ́ Olóyè M.K.O. Abíọ́lá. Níbi ayẹyẹ ńlá kan tí wọ́n fi ètò ààbò rẹ̀ lé e lọ́wọ́ ni ó ti rí i pé èrò pọ̀ rẹpẹtẹ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sì tó nǹkan kan. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni ó dá iléeṣẹ́ DMT sílẹ̀, tí ó ń ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníke tí wọ́n lè gbé láti ibì kan dé ibòmíràn. Kò tijú iṣẹ́ náà rárá. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé òwò ìgbẹ́ kì í ṣe òwò àwàdà, ó sì kọ ọ́ sára ọkọ̀ rẹ̀.

Ọgbọ́n tí ó dá kò sí lára ike náà, ọ̀nà tí ó gbà ta á ni. Ó mọ̀ pé bí òun bá kàn gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kalẹ̀ sí gáréèjì, àwọn ọmọ ìta yóò bà á jẹ́ tàbí kí wọ́n gbà á. Nítorí náà, ó fi í sí ìkáwọ́ àwọn ọmọ ìta fúnra wọn, àti àwọn opó tó ń wá iṣẹ́. Àwọn ló ń tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n ń gba ogún náírà lọ́wọ́ ẹni tó bá wọlé nígbà náà, tí wọ́n sì ń mú ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà. DMT ló ń fi ọkọ̀ fa ohun tó wà nísàlẹ̀. Bí olùtọ́jú náà bá jẹ́ kí ibẹ̀ dọ̀tí, òun fúnra rẹ̀ ni kò ní rí owó jẹ lọ́jọ́ náà. Ọdún 2012 ni Ọ̀túnba Gaddafi jáde láyé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó là ni àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ aládàáni tó wà ní gáréèjì àti ọjà kárí Èkó ń tọ̀.

Síbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olówó-ẹnu-ọ̀nà, ti èrò ọ̀nà ni, kì í ṣe ti ilé. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ọgọ́rùn-ún náírà ni wọ́n ń gbà, tí ẹni márùn-ún nínú ẹbí kan sì ń lọ lẹ́ẹ̀kan péré lóòjọ́, 15,000 náírà ni yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn lóṣù. Bí inú bá wá ń ṣu ọmọ kan ńkọ́? Ibi tí òwò ti ń dé bá ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, tí ìyá á ní kí ọmọ lọ sí ẹ̀yìn ilé. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa tilẹ̀ gbà pé ìgbẹ́ ọmọdé kò lè pa ènìyàn lára, wọn á da ti inú póò sórí àkìtàn. Irọ́ ni. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ ju ti àgbàlagbà lọ.

Nítorí náà, inú ilé ni kí a wò. Ní Mafolúkù, Ṣógunlé, Ìlàsamàjà àti àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Ìsọlọ̀, ilé oníyàrá kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ pọ̀. Ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ẹni mẹ́rin wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ogójì ènìyàn nìyẹn. Ìlànà tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ àgbáyé ń lò fún ibùdó àwọn tí ogun tàbí omíyalé lé kúrò nílé ni pé kí ogún ènìyàn má jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan. A rí ilé ní Èkó tí ogójì ènìyàn ń lo ẹyọ kan, tí ogun kò sì lé wọn.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń ṣírò pé ohun tí ẹnì kan ń fi sílẹ̀ nínú ṣáláńgá lọ́dún, lẹ́yìn tí omi bá ti fà tán, tó nǹkan bíi lítà 40. Ihò tó fẹ̀ ní mítà kan, tó jìn ní mítà mẹ́ta, tí a bá yọ ààbọ̀ mítà òkè sílẹ̀, ó ń gba bíi lítà 1,960. Ẹbí ẹlẹ́ni márùn-ún yóò lò ó fún ọdún mẹ́wàá kí ó tó kún. Ogójì ayálégbé yóò kún un láàárín ọdún kan àti oṣù mẹ́ta. Ihò kan náà ni o, sìmẹ́ńtì kan náà, owó bíríkìlà kan náà. Ìdí nìyí tí àwòrán tí wọ́n yà fún abúlé kò fi bá Ìsọlọ̀ mu.

Ilẹ̀ pàápàá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi ní apá Òkòta àti Ago Palace jẹ́ ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ dí. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ á gòkè, ṣáláńgá á sì kún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ á wá léfòó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń sọ pé kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga ní mítà 30. Pílọ́ọ̀tì kan ní Èkó sì jẹ́ ẹsẹ̀ 60 sí 120, èyí tó jẹ́ mítà 18 sí 36. Bí kànga bá wà ní ẹnu géètì, tí ṣáláńgá sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó lè tó. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ilé tiwa ni iwájú ilé ẹlòmíràn, kànga tirẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí hááfù pílọ́ọ̀tì kò tilẹ̀ ní ohun tí yóò fi ṣírò. Ibi tó bá ti rí báyìí, kí wọ́n má ṣe mu omi kànga láìsè é, iye yòówù kí wọ́n ná sórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Kí wá ni ohun tó wà nílẹ̀ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀?

Àkọ́kọ́ ni ṣáláńgá onípáìpù, tí Peter Morgan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Zimbabwe láàárín àwọn ọdún 1970. Kò sí idán kankan nínú rẹ̀. Páìpù gígùn kan jáde láti inú ihò kọjá òrùlé, nẹ́ẹ̀tì sì wà ní ẹnu rẹ̀ lókè. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kọjá lórí páìpù ń fa òórùn jáde láti inú ihò. Inú yàrá náà gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, nítorí pé eṣinṣin ń lépa ìmọ́lẹ̀. Nígbà tó bá fẹ́ jáde nínú ihò, ìmọ́lẹ̀ orí páìpù ni yóò rí, nẹ́ẹ̀tì á sì dá a dúró níbẹ̀ títí yóò fi kú. Ẹni tó bá dé fèrèsé ńlá sí i, tàbí tó gé páìpù kúrú kí ó má ga ju òrùlé lọ, ti ba iṣẹ́ náà jẹ́. A sì ń rí irú rẹ̀ púpọ̀, tí wọ́n ri páìpù mọ́lẹ̀ bí ẹni ri òpó, láìsí nẹ́ẹ̀tì.

Pẹpẹ tí ènìyàn ń dúró lé ni ó sábà máa ń jẹ owó jù, nítorí irin. Ní Mòsáńbíìkì, ní ìparí àwọn ọdún 1970, Björn Brandberg fi hàn pé bí wọ́n bá da kọnkéré náà róbótó, tí àárín rẹ̀ gbé sókè díẹ̀ bí ìdérí ìkòkò, kò nílò irin kankan. Ìrísí rẹ̀ ni ó gbé e ró, bí ìgbà tí ìdajì igbá bá dojú bolẹ̀. Bíríkìlà yòówù ní Ìsọlọ̀ lè ṣe é bí a bá fi hàn án lẹ́ẹ̀kan. Kí ó ṣáà rọra gbẹ, kí wọ́n máa bu omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìkánjú ló ń fọ́ ọ.

Fún ẹni tó ń lo omi, àwo ike kan wà tí wọ́n ń pè ní SATO, tí iléeṣẹ́ American Standard ṣe fún àwọn ará Bangladesh ní nǹkan bí ọdún 2012, tó sì ti dé Nàìjíríà. Ìlẹ̀kùn kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń ṣí nígbà tí omi bá wúwo lé e, tó sì ń padà pa ara rẹ̀ dé. Kò gbà ju omi inú ife kan sí méjì lọ, òórùn kì í jáde, eṣinṣin kì í wọlé, ọmọdé kò sì ní jìn sí ihò. Fún ilé tó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé àwo ìjókòó onítáńkì ń jẹ lítà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Èyí tí a fẹ́ràn jù fún ibi tí ilẹ̀ gbẹ ni oníhò méjì. Bindeshwar Pathak, ẹni tó dá àjọ Sulabh sílẹ̀ ní Íńdíà ní ọdún 1970, tó sì kú ní oṣù kẹjọ, ọdún 2023, ni ó sọ ọ́ di ohun tí mílíọ̀nù ènìyàn ń lò. Ihò méjì ni wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀kan ni wọ́n ń lò. Bí ó bá kún, wọn á yí ojú omi sí èkejì, wọn á sì fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún ọdún méjì. Nígbà tí wọ́n bá ṣí i, ilẹ̀ dúdú ni wọn yóò bá, tí kò ní òórùn, tí ènìyàn lè fi ṣọ́bìrì kó dà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tó gbé Pathak dìde ni ìyà tó ń jẹ àwọn agbépóò Íńdíà. Ó fẹ́ kí iṣẹ́ náà parẹ́ kí wọ́n sì rí nǹkan mìíràn ṣe. Ṣùgbọ́n ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ti wà nítòsí, oníhò méjì kò ṣiṣẹ́. Ní irú ibẹ̀, ríǹgì kọnkéré tí àwọn agbẹ́kànga ń lò ni kí wọ́n tò lé ara wọn, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa, kí apá kan sì ga ju ilẹ̀ lọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà á ní àtẹ̀gùn. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n omi òjò kò ní wọ inú rẹ̀.

Àwọn tí kò ní àyè láti gbẹ́ ihò rárá wà, pàápàá àwọn tó ń gbé lójú kánáálì. Irú wọn pọ̀ ní Kumasi ní orílẹ̀-èdè Ghana. Níbẹ̀, iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Clean Team, tí iléeṣẹ́ Unilever àti àjọ WSUP wà nídìí rẹ̀, tí àwọn ayàwòrán iṣẹ́-ọnà láti IDEO ní Amẹ́ríkà sì bá wọn ṣe ìwádìí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn ènìyàn ní ìjókòó ike tó ní garawa nínú. Òṣìṣẹ́ á wá lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́sẹ̀, á gbé garawa tó kún lọ, á fi èyí tó mọ́ rọ́pò rẹ̀. Ẹ ò rí i pé agbépóò ni! Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé garawa náà ní ìdérí, òṣìṣẹ́ wọ ìbọ̀wọ́, ó ń gba owó oṣù, ohun tí wọ́n kó sì ní ibi tó ń lọ yàtọ̀ sí ọ̀sà.

Èyí ló mú wa dé ọ̀rọ̀ kíkó. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọkọ̀ afagbẹ́ kò lè wọ ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé ní Mafolúkù. Nítorí náà, àwọn tó ń fi kòròbá gbọ́n ọ́n lóru ni àwọn onílé kan ń pè, ibi tí wọ́n sì ń dà á sí ni gọ́tà. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Gulper, tí wọ́n dán wò ní Tanzania ní nǹkan bí ọdún 2007, ń fa á jáde bí ìgbà tí ènìyàn ń fa omi nínú kànga, láìsí pé ẹnikẹ́ni wọ inú ihò. Ẹlẹ́rọ jódíjódí lè ṣe é. Ohun tí kò lè ṣe ni ibi ìdàsí. Bí ìjọba kò bá ní ibùdó tó súnmọ́ tosí tí wọ́n lè gbé e lọ, gọ́tà náà ni yóò padà sí.

Iṣẹ́ ìjọba ni ìyẹn. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu Àṣẹ Kẹsàn-án, pé kí ìyàgbẹ́ sí gbangba dópin ní Nàìjíríà ní ọdún 2025. Àkókò tí wọ́n dá náà kò tó wọn, wọ́n sì ti sún un sí 2030. Ní Èkó, òfin kò fàyè gba onílé kí ó kó ayálégbé sí ilé tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá ń mú owó wọlé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń mú owó jáde. Ìdí nìyẹn tí lánlọ́ọ̀dù kan fi lè sọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kejì di ṣọ́ọ̀bù. Láyé àwọn wolé-wolé, ẹ̀rù máa ń ba onílé. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ṣì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn, ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ẹjọ́ tọ̀ wọ́n lọ. Kí wọ́n lọ lápapọ̀ ni ó dára jù, kí onílé má baà mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ lé jáde.

Fún ẹni tó ti ń kó owó jọ láti gbẹ́ tirẹ̀, ẹ má ṣe tẹ̀lé ọ̀rọ̀ bíríkìlà tó bá wo ilẹ̀ ní oṣù kejì. Gbogbo ilẹ̀ ló ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oṣù keje ni kí ẹ sọ okùn sínú kànga ilé yín tàbí ti aládùúgbò, kí ẹ wọn bí omi ṣe jìnnà sí ẹnu rẹ̀ tó. Bí kò bá tó mítà mẹ́ta, ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ríǹgì ni kí ẹ rà.